Kí Ló Kan Ọmọ Kọ̀ǹpútà Nínú Filọ́sọ́fì?



Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi mú ìwé kan wá síwájú mi, ojú rẹ̀ kò sì fani mọ́ra. Ọmọkùnrin rẹ̀ ti rí ààyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Amẹ́ríkà láti lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ohun tó bí bàbá nínú ni pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ni wọn yóò kọ́ ọmọ náà. Filọ́sọ́fì wà nínú ìwé náà, ìtàn wà níbẹ̀, ìmọ̀ èdè àti orin náà wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, gbogbo owó tí mo fẹ́ san yìí, ṣé kí ọmọ mi lè lọ kọrin ni?"

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ ronú sí i, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń bèèrè irú ìbéèrè yìí.

Liberal arts ni wọ́n ń pe irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 4 ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò yan ìmọ̀ kan tí yóò rì wọnú rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù jọ láti inú àwọn ìmọ̀ mìíràn. Gbòǹgbò rẹ̀ ti pẹ́. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ìmọ̀ 7 ni ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pè ní ọ̀mọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ́: gírámà, lọ́jíìkì, ọgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣirò, jiọ́mẹ́tírì, orin, àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Ẹ wo orin àti ìṣirò lórí ẹní kan ṣoṣo.

Èyí kò ṣàjèjì sí èmi. Ọdún 12 ni mo fi sìn lọ́dọ̀ olúwo mi. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ dídà fúnra rẹ̀ kò ṣòro: ojú 8 ló ní, 4 lọ́tùn-ún, 4 lósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, ọ̀nà 256 ló sì lè gbà bọ́ sílẹ̀. Ọmọdé tí orí rẹ̀ pé yóò mọ̀ ọ́n kà láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tó gba gbogbo ọdún yòókù lọ́wọ́ mi ni ẹsẹ, ìtàn, ewé, orin, òye ìwà ènìyàn, àti mímọ ìgbà tó yẹ kí awo dákẹ́. (Àwọn kan nínú wa máa ń yangàn pé àwa la dá kọ̀ǹpútà sílẹ̀, nítorí pé báìtì kan náà ní àyè 8 àti ọ̀nà 256. N kò bá wọn pe ara mi bẹ́ẹ̀. Ìṣirò kan náà ló wà lábẹ́ méjèèjì, ìyẹn sì tó mi.)

Ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà gan-an. Claude Shannon kọ́ ìmọ̀ iná mànàmáná àti ìṣirò ní Yunifásítì Michigan, ó sì gboyè ní 1936. Níbi ẹ̀kọ́ filọ́sọ́fì tó yà sí níbẹ̀ ló ti pàdé iṣẹ́ George Boole, ẹni tó kọ ìwé ní 1854 láti fi àmì ìṣirò tọ ipa èrò ọmọ ènìyàn. Nígbà tí Shannon dé MIT, ó rí i pé ohun tí Boole sọ nípa òótọ́ àti irọ́, ọ̀nà iná tó ń ṣí tó sì ń pa dé lè ṣe é. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àṣegboyè rẹ̀ ní 1937, orí rẹ̀ sì ni àwọn tó ń ya ọ̀nà iná inú kọ̀ǹpútà gbé iṣẹ́ wọn lé. Ká ní bàbá rẹ̀ ti sọ pé filọ́sọ́fì kò kan ọmọ òun ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju ti Shannon lọ wà nínú fóònù mi. Mo ti ń tẹ ohun tí olúwo mi kọ́ mi sínú rẹ̀, kó má bàa bá mi lọ. Lọ́jọ́ kan mo wá ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ dájú pé mo ti kọ, fóònù ní kò sí. Ọ̀rọ̀ náà wà lójú mi kedere! Ọmọ tí à ń wí yìí ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń ka lẹ́tà, tí wọ́n ń pè ní Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni wọ́n ń to àmì lé lẹ́tà lórí. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò ó ju ẹyọ kan lọ. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ bí ẹni tó kọ ètò náà kò bá ti sọ fún ẹ̀rọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ̀rọ yóò ní méjì ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ha gbogbo àmì dànù, tí ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò fi di oko. Obìnrin tó kọ̀wé pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lè dá ìjà sílẹ̀ ní ilé àna rẹ̀.

Ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́. Ẹni tó pàṣẹ fún un ni kò jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni pé ohùn jẹ́ ara ọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ tó burú jù wà. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ètò ilé iṣẹ́ 3 wò, èyí tó ń wo ojú ènìyàn láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Lójú ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe wọn kò ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lójú obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7.

N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀rù tó ń ba bàbá ọmọ. Owó ló ń san, iṣẹ́ ló sì ń wá. Àtọ́wò gbogbo nǹkan láìjẹ ọ̀kankan yó kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ojúlówó ìṣirò, tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ń sáré káàkiri níbẹ̀, kí ó má fi ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dùn tó. Ní 1986, Norman Gibbs àti Allen Tucker gbé ìlànà kan jáde fún kíkọ́ kọ̀ǹpútà ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Kò tún di dandan kí ọmọ sọdá òkun. Patrick Awuah, tó kàwé ní Swarthmore ní Amẹ́ríkà tó sì ṣiṣẹ́ ní Microsoft, dá Ashesi sílẹ̀ ní Gánà ní 2002, ọ̀nà yìí ni wọ́n sì ń gbà kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, a ní GST, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń há sórí lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò, tí wọ́n sì ń gbàgbé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn kọ́ ni mò ń wí.

Mo ti ránṣẹ́ sí bàbá náà pé kó jẹ́ kí ọmọ lọ. Ọmọ ní ìmọ̀ èdè lòun yóò kọ́kọ́ yàn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ tí fóònù mi kò rí sórí ìwé, mo fi lé e lọ́wọ́.