Fáìlì Dà, Kí Ẹ Tó Tún Sáfà Tàn?

Ní ìparí oṣù kan láìpẹ́ yìí, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn fẹ́ yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó, ni kọ̀ǹpútà bá ta kú. Orúkọ tó máa ń jáde kí akọ̀wé tó ṣẹ́jú di ohun tí wọ́n ń dúró dè títí oòrùn fi kan àtàrí. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ. Ó dé, ó pa sáfà, ó tún un tàn, gbogbo nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Wọ́n fún un lówó ọkọ̀, wọ́n tún fi àdúrà lé e. Nígbà tí oṣù tó tẹ̀ lé e parí, wàhálà kan náà tún dé, ní ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ. Wọ́n wá pè mí. Mo béèrè pé kí ni ọmọkùnrin náà rí nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní kò rí nǹkan kan, ó kàn tún un tàn ni. Mo ní kí ló kọ sílẹ̀? Wọ́n ń wojú ara wọn.

Bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ yìí nìkan ni, ǹ bá má sọ̀rọ̀. Ilé ìwé ń ṣe é, ilé ìwòsàn aládàáni ń ṣe é, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe áàpù tówó ń gba orí rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ní Èkó náà ń ṣe é. Kí dátábéèsì fa ẹsẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu wọn ni "ẹ tún un tàn, á dáa." Ta ló sọ fún wa pé oògùn ni? Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá ní kí dátábéèsì kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ gbèsè ní ẹ̀ka Mọ́kọ́lá jáde, ohun tí ẹ ń fẹ́ lẹ sọ, ẹ ò sọ ọ̀nà tí yóò gbà rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ọ̀nà. Ní 1979, Patricia Selinger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé ìwé kan jáde lórí dátábéèsì tí wọ́n ń pè ní System R. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe lè díwọ̀n iye wàhálà tó wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, kó sì mú èyí tó rọrùn jù. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni Oracle, SQL Server, PostgreSQL àti MySQL ń ṣe títí di òní. Ọ̀nà tó bá yàn ni àwọn oníṣẹ́ dátábéèsì ń pè ní execution plan. Èmi á máa pè é ní ètò ìbéèrè. Inú ètò yìí lẹ ti máa rí tábìlì tó kọ́kọ́ kà, bóyá atọ́ka (index) ló lò tàbí ó ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, iye ìlà tó rò pé òun máa bá, àti iye tó bá ní tòótọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó ka iye ọ̀hún. Bó bá rò pé 10 ni, tó wá bá 400,000, ẹ ti mú olè yẹn. Kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo sáfà yẹn tó lè fi í hàn yín kedere bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ wá fẹ́ mọ ìdí tí títún sáfà tàn fi máa ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká mú SQL Server. Ó máa ń tọ́jú ètò tó ti ṣe sínú ìrántí ẹ̀rọ, kó lè tún un lò fún ẹlòmíràn. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ béèrè láàárọ̀ wá láti ẹ̀ka kékeré tó ní ogún ọmọ ẹgbẹ́. Ètò tó bá ogún èèyàn mu ló máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni olú ilé iṣẹ́ tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹgbẹ́ wá béèrè tiwọn, ètò ogún èèyàn yẹn náà ló sì fún wọn. Gbogbo nǹkan dúró. Ẹ pa sáfà, ìrántí rẹ̀ ṣófo, ẹ tún un tàn, olú ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ béèrè lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣe ètò tuntun tó bá wọn mu, ara yá. Oríire lásán ni! Lọ́jọ́ tí ẹ̀ka kékeré bá tún ṣíwájú, ẹ padà síbi tẹ́ ẹ wà. Ètò burúkú yẹn, tó jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní, inú ìrántí ẹ̀rọ ló wà. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín pa á.

PostgreSQL kò rí bẹ́ẹ̀ o, àìmọ̀ àwọn tó ń tún òun náà tàn ló sì ń bí mi nínú jù. Kò ní ibi àjọni tó ń kó ètò pa mọ́ sí. Ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Kí wá ni ẹni tó tún un tàn rò pé òun ṣe? Bóyá ó kàn lé ẹni tó ti tábìlì mọ́ àwọn ẹlòmíràn jáde ni, kò sì ní mọ ẹni náà láéláé. Dátà tó ti wà nínú ìrántí ti lọ, wọ́n ní láti tún un kà láti orí dísíìkì, nítorí náà àwọn tó bá kọ́kọ́ béèrè á tún dúró pẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ṣe lẹ yọ wáyà, tàbí iná lọ tí kò sẹ́ni tó sáré tan jẹnẹrétọ̀, èyí tún burú sí i. PostgreSQL ní òǹkà kan tó fi ń mọ iye ìlà tó ti yí padà nínú tábìlì kọ̀ọ̀kan. Òǹkà yẹn ló ń wò kó tó mọ̀ pé ó tó àkókò láti tún tábìlì gbé yẹ̀ wò, kí ìdíwọ̀n rẹ̀ má bàa jìnnà sí òtítọ́. Tí sáfà bá kú ikú òjijì, òǹkà náà á padà sí òdo. Ẹ rí i pé oògùn yín fi kún àìsàn.

Ọmọ tí ibà ń ṣe, tẹ́ ẹ wẹ̀ ẹ́ lómi tútù, ara rẹ̀ á tutù fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ta ló máa torí ìyẹn da ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò fún un nù? Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú bá já, àpótí tó gba ọ̀rọ̀ awakọ̀ àti ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀ ni àwọn olùwádìí máa ń wá, kò sì sí ìjọba tó máa kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ gbá ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo èyí, kí ló dé tí ọgbọ́n yín fi ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá sáfà?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín láti ṣe kò le. Ẹ tọ́jú ètò ìbéèrè sínú fáìlì kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Ẹ má fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àwòrán á fún pọ̀, lẹ́tà á ṣókùnkùn, ẹ ò sì lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi í wé òmíràn. Ojú àṣẹ (command line) ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ kọ ọ́ bíi script kékeré, torí pé lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá ń pariwo lẹ́yìn yín, ẹ ò ní rántí ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tẹ̀.

Fún PostgreSQL lórí Linux, ẹ kọ ìbéèrè yín sínú fáìlì kan, ká pè é ní ibeere.sql. Níwájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ EXPLAIN (ANALYZE, BUFFERS, FORMAT JSON). Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí:

psql -X -q -A -t -d egbe -f ibeere.sql -o eto_$(date +%Y%m%d_%H%M).json

Orúkọ dátábéèsì yín ló máa wà níbi tí mo kọ egbe sí. Àwọn lẹ́tà -X, -q, -A àti -t yẹn kàn ń lé ọ̀ṣọ́ dànù ni, kó lè jẹ́ ètò nìkan ló máa wọnú fáìlì. Ọjọ́ àti wákàtí á wọnú orúkọ fáìlì fúnra wọn, ti òní kò sì ní pa ti àná rẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ANALYZE máa ń ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Bó bá jẹ́ DELETE ló wà nínú ibeere.sql, yóò pa àwọn ìlà yẹn rẹ́. Ẹ fi BEGIN ṣáájú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ROLLBACK parí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ìbéèrè náà ti ń yí láti àárọ̀ tí kò parí, ẹ yọ ANALYZE àti BUFFERS kúrò. Ẹ ò ní rí iye tó bá ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ óò rí ọ̀nà tó yàn.

Fún SQL Server, inú sys.dm_exec_query_stats àti sys.dm_exec_query_plan ni ètò tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ ti ń jáde. Ẹ fi sqlcmd kó o jáde, kẹ́ ẹ jẹ́ kí orúkọ fáìlì parí pẹ̀lú .sqlplan, kí Management Studio lè ṣí i bí àwòrán. Ẹ má gbàgbé -y 0. Láìsí i, lẹ́tà 256 péré ló máa jáde, ẹ óò sì rò pé ẹ ti tọ́jú nǹkan nígbà tó jẹ́ orí nìkan lẹ mú, ara ti lọ. Bí ètò náà bá ju mẹ́gábáìtì kan lọ, -y 0 pàápàá á gé e. Bcp pẹ̀lú queryout ló máa gbà á. Ẹnìkan á ní ṣebí Query Store wà láti ọdún 2016, tó ń tọ́jú ètò sórí dísíìkì. Ó wà, ẹ tàn án. Ṣùgbọ́n inú dátábéèsì náà gan-an ló ń gbé, ó sì máa ń palẹ̀ èyí tó ti pẹ́ mọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fi sí i láti ilé. Tí dátábéèsì náà bá kọ̀ láti ṣí, ibo lẹ fẹ́ ti kà á?

Ẹ̀yin oní-MySQL, láti 8.0.18 lẹ ti ní EXPLAIN ANALYZE. Ẹ̀yin oní-Oracle, SPOOL àti DBMS_XPLAN tó yín.

Ẹ sì máa ṣe é nígbà tí ara ẹ̀rọ bá le pẹ̀lú. Ẹ gbé script náà sí cron, kó máa tọ́jú ètò àwọn ìbéèrè ńláńlá yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ẹ gbé fáìlì ọjọ́ tó dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọjọ́ burúkú, ẹ óò rí ibi tí wọ́n ti yapa. Ètò ọjọ́ burúkú nìkan kò lè sọ bí ọjọ́ tó dáa ṣe rí fún yín.

Nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì tẹ́ ẹ kọ sínú ìbéèrè lè bá ètò wọnú fáìlì, nítorí náà ẹ fi chmod 600 tì í, kẹ́ ẹ sì yé jù ú sínú gbọ̀ngàn WhatsApp. Òfin ààbò dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọdọ̀ wà nínú script pẹ̀lú. Fún PostgreSQL, ẹ jẹ́ kó wà nínú fáìlì .pgpass.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sówó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju àwọn ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ, torí ẹ̀yin lẹ ń yìn wọ́n fún ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bá wọn wí lé lórí. Tí oníṣẹ́ bá tún wá sọ fún yín pé òun ti tún sáfà tàn, ó sì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ní kó gbé fáìlì ètò tó tọ́jú kó tó pa á wá. Bí kò bá sí fáìlì, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Ẹ má sanwó.