Àjọ Oògùn Adìẹ

Àwọn ìyá ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ́ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìnyín. Èpìyà tí kò rí yìnyín láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ó ti ń rùn. Ìmọ̀ yìí gan-an ló lè gba adìẹ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ ikú.

Sísin adìẹ dáa o. Ẹyin ń bẹ fún àwọn ọmọ, àkùkọ ń bẹ fún títà nígbà ọdún. Ẹ̀yìnkùlé kékeré lè gba adìẹ mẹ́wàá. Káfíńtà á fi pákó àlòkù àti wáyà kan ilé wọn, wọn á tẹ́ ẹ̀rún pákó sílẹ̀, wọn á sì máa kó o dànù bó bá ti tutù, kí aládùúgbò má baà pariwo òórùn. Orí ẹja àti egungun tí kò ṣeé tà, wọ́n lè sè é, kí wọ́n sá a, kí wọ́n gún un mọ́ àgbàdo. Kó má pọ̀ jù ṣá, kí ẹyin má baà máa rùn bí ẹja.

Lúkúlúkú ló ń sọ ilé adìẹ dòfìfo. Òun ni òyìnbó ń pè ní Newcastle, orúkọ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ó ti jà ní 1926. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń le jù. Adìẹ á máa ya ìgbẹ́ tó rí bí ewé, ọrùn á lọ́, ìyẹ́ á wó. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó lè ti pa gbogbo wọn. Kò lóògùn ìwòsàn. Ata àti alùbọ́sà kò ràn án. Àjẹsára ló ń dènà rẹ̀.

Àjẹsára ọ̀hún sì wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ní Vom, lẹ́bàá Jos, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgò kan lè tó 200 adìẹ, bí wọ́n bá sì ti pò ó, kò ṣeé tọ́jú. Ẹni tó ní mẹ́wàá á ní kí lòun fẹ́ fi ti igba ṣe, á sì káwọ́ gbera. Èkejì, ooru ń pa á. Ẹja tó bàjẹ́ á rùn. Àjẹsára tó bàjẹ́ kì í rùn, ojú ò lè dá a mọ̀.

Àjọ ni ọ̀nà àbáyọ. Obìnrin mẹ́wàá àdúgbò kan, tí wọ́n ní adìẹ ogún ogún, á dáwó ra ìgò kan kí ọyẹ́ tó dé. Kí ẹnì kan gbé kúlà àti yìnyín lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Kí wọ́n gba omi lẹ́nu adìẹ fún bíi wákàtí méjì, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Omi kànga ni kí wọ́n fi pò ó, kì í ṣe omi ẹ̀rọ oníkẹ́míkà. Kí wọ́n pín in kíá, kí adìẹ mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Kí wọ́n béèrè ọjọ́ tí wọn yóò tún un ṣe lọ́wọ́ dókítà.

Adìẹ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, kó dá wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dàpọ̀ mọ́ ti ilé.

Kí wọ́n má sì yọ aládùúgbò kankan sílẹ̀ o. Adìẹ tí kò gbàjẹsára kò mọ ààlà ilé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.