Ìlù Kan Ṣoṣo Kò Lè Gba Ìlú Là: Lórí Ìparí Ṣaworoidẹ

Àwọn aṣelámèyítọ́ ti yin fíìmù Ṣaworoidẹ débi pé ẹni tí yóò bá bẹnu àtẹ́ lù ú ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè. Èmi náà gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ó kọ ìtàn rẹ̀. Túndé Kèlání gbé e jáde ní 1999, ọdún kejì tí Ọ̀gágun Sani Abacha kú lórí àlééfà. Ẹni tí ó bá wo ìlú Jogbo, Nàìjíríà ni ó rí. Ṣùgbọ́n adùn ni à ń fẹ́ kí ó gbẹ̀yìn ewúro. Níbi tí ó yẹ kí adùn iṣẹ́ yìí wà gan-an ni ó ti já wa kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa ìtàn náà. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀ nígbà tí ó ń gorí oyè, kí ó lè ráyè kówó jẹ. Ó gba rìbá lọ́wọ́ àwọn agégẹdú, oko àwọn àgbẹ̀ sì bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ di ìhámọ́ra, wọ́n gba adé mọ́ ọn lọ́wọ́. Lágàta, ológun tí a rán láti gba adé padà, fi ìbọn gba ìjọba fún ara rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀, ohun kọ̀ọ̀kan sì ní ìdí. Lójijì, a lu ṣaworoidẹ, orí fọ́ Lágàta, ó kú. Ó parí.

Àwọn kan yóò ní ohùn ará ìlú ni ìlù náà dúró fún, pé òfin sì ni ìmùlẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí ẹnì kan fi ń lù ú, tí gbogbo ìlú ń wòran? Ta ni ó bi àwọn agégẹdú léèrè igbó? Nínú Agogo Èèwọ̀, tí ó jáde ní 2002, àwọn ìjòyè ajẹgúdújẹrá kò tíì kúrò láàfin. Agogo àti ìbúra ni a tún gbójú lé.

Nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969, kò sí ìlù tí ó fọ́ orí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbẹ̀ fohùn ṣọ̀kan pé àwọn kò san owó orí tí ó wọ àwọn lọ́rùn. Wọ́n jìyà, àwọn kan kú, ṣùgbọ́n ìjọba dín owó náà kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú àwa tí a wà ní Ṣakí. Ní Òkè-Ògùn níbí, a ń gé igi òrí àti igi apá, a ń sun wọ́n ní èédú, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó o lọ. Ọmọ tí fíìmù bá kọ́ pé kí ó máa retí onílù yóò dàgbà bá pápá gbalasa. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé wa, ẹ kọ ìparí mìíràn fún wa, èyí tí ará ìlú yóò ti pe ọba, ìjòyè àti agégẹdú jáde, kí wọ́n wá jíyìn lójú gbogbo ayé.