Òdòdó Pọ̀, Owó Ńkọ́?

Bí àgbẹ̀ bá gbin irú rósì méjì sábẹ́ ilé ọ̀rá kan náà ní Naivasha, nílẹ̀ Kẹ́ńyà, èyí tó ń yọ òdòdó jù ni gbogbo ojú kọ́kọ́ ń wò. Wọn a ka iye ọ̀pá tí wọ́n gé lórí mítà onígun mẹ́rin kan láàárín ọdún, èyí tó bá pọ̀ jù ni wọn a yìn. Èmi ò gbà pé ìṣirò parí síbẹ̀.

Irú tó ń yọ púpọ̀ sábà máa ń kéré lórí, ọ̀pá rẹ̀ kì í sì í gùn. Irú olórí ńlá, bíi Red Naomi, kì í yọ tó o, ṣùgbọ́n owó ọ̀pá rẹ̀ kan lè ju ti òmíràn lọ dáadáa. Ilẹ̀ pàápàá tún dá sí i. Naivasha fi nǹkan bíi 1,900 mítà ga ju òkun lọ. Àwọn oko tó wà lẹ́bàá Òkè Kẹ́ńyà ga jù bẹ́ẹ̀, òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí òdòdó tètè dàgbà, orí rẹ̀ a sì tóbi sí i. Irú kan náà, oko méjì, èrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Owó ọkọ̀ òfuurufú láti Nairobi, ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń gbà á, òdòdó ńlá sì wúwo. Bó bá wá dé gbàǹjo Aalsmeer ní Nẹ́dálándì, owó gíga ni aago tó ń fi iye owó hàn níbẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa wálẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi tẹ bọ́tìnnì. Rósì tí kì í tètè rọ nínú omi ni àwọn oníbàárà ń wá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ni irú òdòdó náà. Ní 1999 ni Kẹ́ńyà wọ àdéhùn UPOV, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ń mú irú ọ̀gbìn tuntun jáde. Ilé iṣẹ́ Schreurs, ní Nẹ́dálándì, ló ni Red Naomi. Owó ẹ̀tọ́ ń bẹ lórí irú òdòdó bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n gbà á, nítorí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ kan bá sú àwọn ará Yúróòpù, àgbẹ̀ Kẹ́ńyà ni yóò hú igi rẹ̀, tí yóò tún sanwó òmíràn. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín owó ìwádìí ní Nairobi, n óò kọ́kọ́ ná an sórí mímú rósì jáde tó jẹ́ ti Kẹ́ńyà fúnra rẹ̀.