Ẹ Má Torí Irun Ju Oògùn Ọkàn Nù

Ní Sátidé kan tí òjò dídì bo gbogbo àdúgbò Cornerstone ní Alberta níbí, mo jókòó sí bésímẹ́ǹtì onígbàjámọ̀ wa, mò ń dúró kó kàn mí. Ẹ̀gbọ́n kan ló wà lórí àga. Onígbàjámọ̀ dá kílípà dúró, ó fi ìka kan ẹ̀gbọ́n lórí àwùjẹ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ti ń ṣí o." Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ tí wọ́n ta mọ́ ọn lọ́rùn, ó yọ ìgò oògùn kan jáde lápò, ó mì ín bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìgò náà kún. "Àbúrò, metoprolol yìí ló ń jẹ irun mi. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti jáwọ́ níbẹ̀."

Ẹnì kan dárúkọ òróró tó ń hu irun. Ẹlòmíì ní òun mọ ẹni tó ń ta hóró oògùn kan. Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀gbọ́n pé mélòó ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi náà ò tètè bi í, ojú sì ń tì mí.

Torí ìgò yẹn ni mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé òkè Country Hills Boulevard, ní àdúgbò tí orúkọ òpópónà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Corner, Corner, Corner, tí àlejò fi ń kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn oògùn ọkàn kan wà tó lè mú irun rẹ̀ dànù: metoprolol àti propranolol, captopril àti enalapril, àti warfarin tí wọ́n fi ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ má dì. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Irun orí ní ìgbà iṣẹ́, ó ní ìgbà ìsinmi. Oògùn lè lé ọ̀pọ̀ irun lọ sínú ìsinmi láìtọ́jọ́, wọn á wá máa já ní bí oṣù méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Irun tí oògùn lé kì í yan ibi: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ìpàkọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́lẹ́. Ẹ ó rí i lórí ìrọ̀rí, ẹ ó rí i nínú ìyarun. Bí dókítà bá pààrọ̀ oògùn náà, ó sábà máa ń hù padà.

Apárí ti ìdílé yàtọ̀. Ẹ̀bátí méjèèjì àti àwùjẹ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìpàkọ́ àti ẹ̀gbẹ́ etí ni í ṣẹ́kù. Họ́mónù ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní DHT ló ń sọ gbòǹgbò irun di tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó bá jogún rẹ̀, ilé bàbá àti ilé ìyá sì ni wọ́n ti ń jogún rẹ̀. Ẹ wo fọ́tò bàbá yín àti ti ẹ̀gbọ́n ìyá yín ọkùnrin kí ẹ tó dá oògùn lẹ́bi. Nígbà tí a bá lé ní ogójì ọdún ni ọ̀pọ̀ wa ń gba ìwé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbà yẹn náà ni apárí ìdílé máa ń yọjú. Wọ́n kàn pàdé lọ́nà ni. Àwùjẹ ẹ̀gbọ́n nìkan ló ń ṣí lọ́jọ́ yẹn. Ìpàkọ́ rẹ̀ ki bíi koríko.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá a gúnlẹ̀, tó sùn sí ọsíbítù, náà lè rí i pé irun òun ń já ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Àìsàn fúnra rẹ̀ lè fà á.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí gan-an nìyí. Metoprolol àti àwọn ẹbí rẹ̀ kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń já lójijì. Ìkìlọ̀ ńlá wà nínú ìwé rẹ̀: bí ẹni tó ní àrùn ọkàn bá ṣíwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àyà lè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọkàn sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ju warfarin nù ń ṣílẹ̀kùn fún rọpárọsẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní ti hóró tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, minoxidil ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni látilẹ̀wá. Ilé iṣẹ́ Upjohn ní Michigan ló ṣe é, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí hóró rẹ̀ ní 1979 fún ẹ̀jẹ̀ ríru tó le koko. Àwọn tó ń lò ó ló bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun lójú àti lápá, ni wọ́n bá sọ ọ́ di omi tí wọ́n ń fi pa orí, tó gba àṣẹ ní 1988 lórúkọ Rogaine. Hóró rẹ̀ lè mú ọkàn sáré, ó lè fa omi sára, kódà sí àyíká ọkàn. Ẹni tó ń lo oògùn ọkàn tó tún lọ gbé e mì láìsọ fún dókítà ń fi ẹ̀mí wéwu. Kódà ti orí pípa, ẹ béèrè kó tó kan orí yín bí ọkàn yín bá ti ní wàhálà tẹ́lẹ̀.

Nílé, a máa ń fi apárí ṣàwàdà pé olówó ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọkàn náà wà níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2000 láàárín àwọn dókítà ọkùnrin ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tí àwùjẹ wọn pá ní àrùn ọkàn ju àwọn tí irun wọn pé lọ. Kò fi hàn pé apárí ló ń fa àrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwùjẹ rẹ̀ ń ṣí, tó wá torí rẹ̀ ju oògùn ọkàn nù, ohun tó yẹ kó tọ́jú gan-an ló ń bá jà.

Ẹ̀yin ará, bí irun yín bá ń já, ẹ kó gbogbo ìgò oògùn yín, títí kan àgbo àti fítámì, lọ bá apòògùn. Kò gba ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Láti 2007 ni àwọn apòògùn tó gba àfikún àṣẹ ní Alberta ti lè kọ oògùn, kí wọ́n sì tún un ṣe. Oríṣi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀. A lè rí òmíràn tó máa bá yín lára mu. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn àti ọjọ́ tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó irin àti àrùn tírọ́ìdì náà ń já irun.

Ẹni tó bá ti fo oògùn fún ọjọ́ mélòó kan, kó má ṣe dá a bẹ̀rẹ̀ padà fúnra rẹ̀: kó pe 811 lónìí, nọ́ọ̀sì ń gbé e tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ ni. Bí àyà bá ń dun yín, 911 ni kí ẹ pè.

Kí kílípà ẹ̀gbọ́n tó parí, mo pe 811, mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́.