Hámpà Tó Fi Ìwé Ìròyìn Ṣe Ikùn

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ènìyàn bá ṣe múra ni wọ́n ṣe ń kí i, bí ọjà bá sì ṣe jọ lójú ni oníbàárà ṣe ń nawọ́ sí i. N kò ní fi àlàyé ìyẹn jẹ àkókò yín. Ẹnu tí mo ti gbọ́ òwe náà kẹ́yìn ló ń bí mi nínú.

Obìnrin kan tó ń di hámpà nítòsí Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ló pa á fún mi. Mo lọ bi í léèrè hámpà kan tí iléeṣẹ́ kan ní Àpápá fi ránṣẹ́ sí ilé wa nígbà Kérésìmesì. Dírẹ́bà tó gbé e wá ló júwe ibi tí wọ́n ti rà á. Ẹ bá mi wo hámpà ọ̀hún. Apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, náílọ̀n rẹ̀ ń dán, ríbọ́ọ̀nù pupa rí gẹ̀ǹdẹ̀gẹ̀ńdẹ̀ lórí rẹ̀ bíi gèlè ìyá ìyàwó. A tú u. Ìgò wáìnì kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe wáìnì, omi ṣúgà tí wọ́n pa láró ni. Páálí kọnfiléèkì kékeré kan, tí wọ́n gbé dúró lóòró kó lè ga. Bisikíìtì méjì tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí déètì wọn pé. Tòmátò alágolo tó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lábẹ́ gbogbo wọn, ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n rún pọ̀, àti páálí òfìfo tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí a kó ìwé kúrò, ohun tó ṣẹ́ kù kò kún náílọ̀n ọwọ́ kan.

"Ẹ má bínú, dádì," ni obìnrin náà wí, "ṣé ẹ ò gbọ́ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀ ni? Hámpà tí ò bá ga, ta ló máa rà á?"

Ó ṣi òwe lò, ó sì fi òwe bo olè mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ tí mo dá nìyẹn, n kò sì ní yí i padà. Ohun tó ń mú kí irú olè bẹ́ẹ̀ rọrùn nínú òwò hámpà ni pé ẹni tó sanwó rẹ̀ kì í tú u, ẹni tó tú u kò sì mọ iye tí wọ́n rà á. Ọ̀gá tó fọwọ́ sí owó náà lọ́fíìsì rẹ̀ rí ríbọ́ọ̀nù, ó mi orí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Èmi tí mo tú u ńkọ́? Ṣé màá wá tẹ ọ̀gá láago pé ẹ̀bùn yín ò dáa ni? Màá dúpẹ́, màá tún kí i kú ọdún, tí mo bá wọ yàrá màá pè é ní ahun. Àárín èmi àti ọ̀gá yẹn ni oníhámpà sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí alákàrà kan ní Tolú bá fi epo ìjẹta dín àkàrà, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú gbogbo àdúgbò á ti gbọ́, nítorí ẹni tó rà á náà ló jẹ ẹ́.

Àwọn bàbá wa mọ ọgbọ́n tó ń ba irú èyí jẹ́. Ẹrù ìyàwó, kí ló jẹ́ bí kò ṣe hámpà? Iṣu, oyin, obì, orógbó, ataare, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ojú agbo ni wọ́n ti ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdílé ọkọ tó jẹ́ fi ìwé ìròyìn ṣe ìdí apẹ̀rẹ̀ iṣu.

Wọ́n á ní ọjà ti gbówó lórí. Mo mọ̀. Dọ́là tí báǹkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti lé ní ₦1,500 nígbà tí ọdún 2024 fi parí. Gbogbo ohun alágolo tó bá bá ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Tin Can ló gbé ìyà yẹn wá. Ó dáa, ṣé dọ́là ló ní kí wọ́n rún ìwé ìròyìn ni? Ẹ dín apẹ̀rẹ̀ kù, ó tán. Ta ló tiẹ̀ ní dandan ni kí hámpà ti òkè òkun wá? Flour Mills, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, wà ní Àpápá níbẹ̀. Iléeṣẹ́ ṣúgà Dangote wà létí wọ́ọ̀fù. Sẹ̀mó, sìpàgẹ́tì, ṣúgà, gálọ́ọ̀nù òróró kékeré, ìrẹsì kílò márùn-ún: ilé wo ni wọn ò ti ní yọ̀ mọ́ ọn?

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí mo bá obìnrin náà jà tán, ó fa ìwé ìṣirò rẹ̀ yọ. Ẹ jẹ́ kí n fi iye tó rọrùn ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ó ta hámpà kan ní ₦50,000. Ọjà inú rẹ̀ jẹ́ ₦38,000, apẹ̀rẹ̀ ₦4,000, náílọ̀n àti ríbọ́ọ̀nù ₦1,500, owó ọkọ̀ ₦2,000. Ó ku ₦4,500, òun ni èrè. Ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ ra ọjà wá ní kó fún òun ní ìdá mẹ́wàá owó náà, kó tó lè rí LPO gbà, ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń béèrè ọjà. Ìyẹn ₦5,000. Kò tíì gbé apẹ̀rẹ̀ dé ẹnu géètì tó ti jẹ gbèsè ₦500 lórí ẹyọ kan! Owó tó kù kò tún ní í tètè jáde. Ọdún Àjíǹde á kọjá kí wọ́n tó san án, èlé owó tó yá á sì ti máa gun orí ara wọn.

Ibo ló ti fẹ́ rí i? Inú apẹ̀rẹ̀ ni. Wáìnì ti di omi ṣúgà, ìwé ìròyìn ti di ẹrù. N kò tìtorí ìyẹn dá obìnrin náà láre, èmi tí wọ́n rẹ́ jẹ kọ́ ni mo gba ègúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olè àkọ́kọ́ kò sí ní Boundary. Ó jókòó sí ọ́fíìsì tó ní ẹ́ẹ̀síì.

Mo bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. Kó fi àwọn ọ́fíìsì ńlá yẹn sílẹ̀, kó wá àwọn tó ń fi owó ara wọn rà: àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù, ẹgbẹ́ ìjọ, àwọn tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ síra wọn nínú Ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ Iléyà. Kó gba ìdajì owó sílẹ̀ kó tó ká ọwọ́ aṣọ. Kó lọ kó ọjà ní Oke-Arin kí oṣù kọkànlá tó dé, nígbà tí owó ọjà kò tíì fò, kó wo déètì àti nọ́ńbà NAFDAC lára gbogbo rẹ̀. Ojúlówó ọjà tí kò bá tà ní Disẹ́ńbà, á kó o padà sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á tà á ní Jánúárì. Ta ló fẹ́ ra omi aláró ní Jánúárì? Kó sì kọ gbogbo ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ sórí ìwé pélébé kan, kó fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí i, kó fi há inú rẹ̀. Ẹni tó bá tú u lọ́dún yìí ló máa pè é lọ́dún tó ń bọ̀. Ríbọ́ọ̀nù náà kò burú, kó so ó. Òótọ́ ni pé òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Àpápá, kí ẹ tó fọwọ́ sí owó hámpà ọdún yìí, ẹ ní kí wọ́n tú ẹyọ kan lójú yín. Kí ẹ sì san owó ẹni tó dì í kí ọdún tó yí.