Àdéhùn LAUTECH Dára, Pípẹ́ Ló Pẹ́

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni NUC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yunifásítì, kéde pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti yọwọ́ nínú LAUTECH, yunifásítì tí òun àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ jọ ni. Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ilé ẹ̀kọ́ náà l'Ógbómọ̀ṣọ́ báyìí. Ọ̀ṣun mú ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn tó wà l'Óṣogbo. Adájọ́ kọ́ ló pín in. Gómìnà Mákindé ti Ọ̀yọ́ àti Oyètọ́lá, gómìnà Ọ̀ṣun nígbà náà, ló fẹnu kò.

Àwọn kan ń sọ pé Ọ̀ṣun fi ogún rẹ̀ tọrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1990 ni Ọ̀yọ́ dá yunifásítì náà sílẹ̀; ní 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ sì di àjọni. Nígbà tí Àlàó-Àkálà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí gómìnà Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ fẹ́ gbà á pátápátá, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì ni wọ́n jọ ni ín. Ilé ẹjọ́ lè sọ ẹni tó ni nǹkan, àmọ́ ta ni yóò máa san owó oṣù? Láti 2016 wọ 2017, ìyanṣẹ́lódì ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yàrá ṣófo ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, olóńjẹ ò rí ẹni bu ìrẹsì fún, akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó ti di agùnbánirọ̀ ṣì wà nílé bàbá rẹ̀.

Samuel Johnson, àlùfáà tó gbé ní ìlú Ọ̀yọ́, kọ nípa bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè láyé àtijọ́. Ológò, ẹni tí wọ́n rán láti gba gbèsè, á já wọ agbo ilé, á jókòó pa, á máa pa adìyẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí, ti ẹni yòówù kó jẹ́, títí ará ilé á fi há onígbèsè mọ́ kó san án. Ìkà gbáà ni. Ní LAUTECH, ìjọba méjì ló jẹ gbèsè, adìyẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pa.

Lóde òní, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ dúkìá onígbèsè kì í ṣe ẹni tó ni ín. Tó bá fẹ́ fi àdéhùn parí ẹjọ́, àwọn tí wọ́n jẹ lówó ló ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gómìnà: dúkìá aráàlú ló ń ṣọ́. Kí agbẹjọ́rò kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí adájọ́ fọwọ́ sí i, kí ó di ìdájọ́, kí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ há lè mọ ìpínlẹ̀ tí yóò dì mú.